Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Lẹ́yìn Ìbímọ Lásìkò Àjàkálẹ̀ Àrùn: Ta Ni Yóò Máa Wo Ìyá Ọmọ?

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá, àti gbogbo ẹni tó ní aboyún tàbí ọlọ́mọ tuntun nínú ẹbí, a kí yín, a sì dúpẹ́ pé ẹ wá.

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn Kòrónà ti di àjàkálẹ̀. Ó di ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 kí wọ́n tó sọ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àwọn obìnrin ò yéé bímọ. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn èèyàn tó yẹ kó wà lọ́dọ̀ wọn ò sí níbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: àjàkálẹ̀ àrùn kì í dá àìsàn ọkàn tuntun sílẹ̀ fún ìyá ọmọ. Àìsàn náà ti wà tipẹ́. Àwọn tó yẹ kó tètè rí i ni àjàkálẹ̀ àrùn ń lé kúrò láyìíká rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣe òfin kónílé-ó-gbélé gbọ́dọ̀ kọ ẹni tí yóò máa wo ìyá ọmọ sínú òfin náà.

Kí a tó dé ibẹ̀, ohun mẹ́ta wà tí àwọn èèyàn máa ń pò pọ̀, tí pípò tí wọ́n ń pò ó pọ̀ sì máa ń ṣèpalára.

Àkọ́kọ́ ni ẹkún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà oyún, họ́mónù ẹ́sítírójìn àti purojẹ́sítírónì máa ń ga gan-an lára obìnrin. Tí ibi ọmọ bá ti jáde, àwọn méjèèjì á já wálẹ̀ láàárín nǹkan bí ọjọ́ méjì. Nígbà tó bá di ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, ó ju ìdajì àwọn ìyá lọ tí omijé á máa dà lójú wọn láìnídìí. Ìyá ọmọ á rẹ́rìn-ín, kò ní pẹ́ tí yóò fi bú sẹ́kún, inú á máa bí i sí ohun tí kò tó nǹkan. Èyí kì í ṣe àìsàn. Oorun, oúnjẹ àti ẹni tó ń bá a gbé ọmọ ti tó. Kì í kọjá ọ̀sẹ̀ méjì.

Èkejì ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ fúnra rẹ̀. Bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ṣírò rẹ̀, nǹkan bí obìnrin 13 nínú 100 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ló ń ní àìsàn ọkàn, tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó ò ti pọ̀, ó sún mọ́ 20 nínú 100. Ohun tí a fi ń dá a mọ̀ ni pé ó wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán: ìbànújẹ́ tí kò gbẹ́sẹ̀, tàbí kí ohunkóhun má dùn mọ́ ọn mọ́, títí kan ọmọ. Oorun ò ní wá, oúnjẹ ò ní wù ú, á máa rò pé òun kì í ṣe ìyá gidi, pé ọmọ náà ì bá rí ìtọ́jú tó dáa lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn kan á máa rò pé ó sàn kí àwọn kú. Ó lè ti bẹ̀rẹ̀ látinú oyún, ó sì lè má yọjú títí ọmọ á fi pé oṣù mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti ń jókòó kò tíì bọ́ nínú ewu rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí a ń pè ní abísínwín. Kò wọ́pọ̀: obìnrin kan tàbí méjì nínú 1,000 ni. Ṣùgbọ́n ó ń yára dé, ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nígbà púpọ̀. Obìnrin náà ò ní sùn fún òru méjì, síbẹ̀ kò ní rẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ á máa sáré lẹ́nu rẹ̀, á gbàgbé ibi tó wà, á máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, tàbí kó gbà pé wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, bó ti wù kí òfin kónílé-ó-gbélé le tó. Ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀ títí dókítà yóò fi rí i. Tí wọ́n bá tètè tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ máa ń yá.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí àjàkálẹ̀ àrùn ń fi kún un. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, èèyàn kì í pẹ́ yọjú sí ẹni tó bímọ: ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀rẹ́, nọ́ọ̀sì tó wá wọn ọmọ. Kò sí èyí tó wá wo ọkàn rẹ̀ nínú wọn, ọmọ ni wọ́n wá wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó fún wákàtí kan nínú yàrá yẹn á rí i pé oúnjẹ tí wọ́n gbé fún ìyá ọmọ láàárọ̀ ṣì wà níbi tí wọ́n gbé e sí. Á rí i pé ọmọ ń ké, ìyá rẹ̀ sì ń wo ògiri. Lórí fóònù, kò sí nǹkan kan tó máa hàn nínú èyí. Obìnrin lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún rẹ́rìn-ín fún gbogbo ẹbí, kó gbé ọmọ sókè kí wọ́n rí i, kó sì pa fóònù, kó máa bá ẹkún rẹ̀ lọ.

Yàrá ìbímọ ni ìdánìkanwà náà ti ń bẹ̀rẹ̀ fún àwọn mìíràn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, àwọn ilé ìwòsàn kan ní New York sọ pé ẹni tó ń rọbí ò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni wọlé, títí kan ọkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, gómìnà ìpínlẹ̀ náà pàṣẹ pé kí wọ́n gba ẹnì kan láàyè. Ní oṣù Kẹrin, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn pé kí wọ́n ya ìyá tó ní Kòrónà àti ìkókó rẹ̀ sọ́tọ̀ fúngbà díẹ̀. Wọ́n yí ìmọ̀ràn yẹn padà ní oṣù Keje. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń sọ pé kí ìyá wọ ìbòmú, kó fọ ọwọ́ rẹ̀, kó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́yà, kó sì fún un lọ́mú. A ò dá àwọn tó ṣòfin wọ̀nyẹn lẹ́bi, ẹ̀rù ń ba gbogbo ayé nígbà náà. Ṣùgbọ́n obìnrin tó dá rọbí, tí wọ́n sì gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní gbàgbé, ọkàn rẹ̀ sì wà nínú ewu ju ti ẹlòmíràn lọ. Ó yẹ kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́jú rẹ̀ bí a ṣe ń kọ ẹ̀jẹ̀ tó dà lára rẹ̀.

Ní Britain, wọ́n yẹ ikú àwọn aboyún àti ọlọ́mọ tuntun láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún ọdún 2020 wò fínnífínní. Wọ́n rí obìnrin mẹ́rin tó gba ẹ̀mí ara wọn. Wọ́n rí i pé àwọn kan ò ráyè dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ọpọlọ, tàbí pé ó pẹ́ kí wọ́n tó débẹ̀, nítorí ìlànà àsìkò náà. Àwọn méjì mìíràn kú látàrí ìwà ipá inú ilé. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹnì kan bá ní ilé ni ibi tó láàbò jù: kì í ṣe fún gbogbo obìnrin.

Àwọn èèyàn máa ń béèrè pé báwo ló ṣe pọ̀ sí i tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní oṣù Kẹta ọdún 2022 pé àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì fi ìdá 25 nínú 100 pọ̀ sí i láàárín gbogbo èèyàn ní ọdún àkọ́kọ́ Kòrónà, àti pé ó mú àwọn obìnrin ju ọkùnrin lọ. Àwọn onímọ̀ kan ní Kánádà bi 900 aboyún àti ọlọ́mọ tuntun léèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìbẹ̀rẹ̀ àjàkálẹ̀ àrùn náà ní ọdún 2020. Àwọn tí àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọn ga lọ láti ìdá 15 nínú 100 sí nǹkan bí 41. Ìyẹn bani lẹ́rù, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e kiri bí òótọ́ pọ́ńbélé. Ohun tí wọ́n rántí ni wọ́n fi dáhùn nípa bí ara wọn ṣe rí kí àrùn tó dé, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ ló sì máa ń fẹ́ dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Pé ó pọ̀ sí i dájú. Iye tó fi pọ̀ sí i ni kò rí bákan náà níbi gbogbo.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n wá ńkọ́? Ìwé ìbéèrè tí wọ́n ń lò jù lágbàáyé ni ti Edinburgh, tí John Cox àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 1987. Ìbéèrè mẹ́wàá ni, nípa ọjọ́ méje tó kọjá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì 0 sí 3, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 30. Ẹni tó bá gba 10 sí 12, ẹ tún bi í léèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹni tó bá gba 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ rí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó mọ̀ nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ìbéèrè kẹwàá dá lórí èrò àti ṣe ara ẹni léṣe. Tí ìdáhùn rẹ̀ bá ti kúrò lórí 0, ọjọ́ náà ni kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ síwájú sí i, bí àpapọ̀ rẹ̀ bá tilẹ̀ jẹ́ 4 péré.

Àlàfo kan wà nínú ìbéèrè náà tó máa ń hàn lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn, ó sì yẹ kí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè kẹrin àti ìkarùn-ún ń béèrè bóyá ìyá ọmọ ń ṣàníyàn tàbí ẹ̀rù ń bà á láìsí ìdí tó ṣe gúnmọ́. Lásìkò tí èèyàn ń kú nítòsí, ìyá ọmọ á ní: "Ìdí wà kẹ̀." Á wá dáhùn pé rárá, nígbà tó jẹ́ pé àníyàn ti ń jẹ ẹ́ run. Ẹ má yí ìbéèrè náà padà, ẹ fi tiyín tẹ̀ lé e. Ẹ bi í pé: tí ọmọ bá ti sùn, tí ilẹ̀kùn sì wà ní títì, ṣé ọkàn rẹ ń sinmi díẹ̀? Ẹ bi í pé: tí ẹlòmíràn bá gba ọmọ, ṣé o lè sùn? Gbogbo ìyá ọmọ ni oorun ń jẹ níyà. Ẹni tó ní àyè láti sùn ṣùgbọ́n tí oorun ò wá ni kí ẹ fọkàn sí.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀. Ìyá tó ń fọ ọwọ́ fún 20 ìṣẹ́jú àáyá kó tó gbé ọmọ ń ṣe ohun tó tọ́. Ìyá tó fọ̀ ọ́ títí awọ fi bó, tó tún padà lọ fọ̀ ọ́ nítorí pé kò dá a lójú, tí kò jẹ́ kí bàbá ọmọ fọwọ́ kan ọmọ, tí àwòrán ọmọ tó ti kú ń wá sí i lọ́kàn láìpè, nílò ìtọ́jú. Irú èrò tí ń wọlé láìpè bẹ́ẹ̀ máa ń kó jìnnìjìnnì bá ìyá náà fúnra rẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Tí ẹ bá fi í sùn bí ẹni tó fẹ́ pa ọmọ, kò ní sọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní Kòrónà. Àìsàn náà fúnra rẹ̀ lè fa àárẹ̀, ó lè gba òórùn àti adùn lẹ́nu èèyàn, kí oúnjẹ má wù ú. Àìtó ẹ̀jẹ̀ náà ń fa àárẹ̀. Ẹṣẹ́ táíróìdì tó wà lọ́rùn náà lè dàrú láàárín ọdún kan lẹ́yìn ìbímọ, nǹkan bí obìnrin 5 nínú 100 ló ń ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún méjèèjì. Ṣùgbọ́n kò sí èyí nínú àwọn wọ̀nyí tó máa ń sọ fún obìnrin pé kò wúlò. Ibi tí ìdálẹ́bi àti àìnírètí bá wà, ẹ má dúró de èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ọkàn.

Tó bá jẹ́ orí fóònù ni ẹ ó ti béèrè, ọ̀nà tí ẹ ó gbà ṣe é ṣe pàtàkì púpọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ibi tó wà gan-an lákòókò yẹn, àti nọ́ńbà ẹlòmíràn nínú ilé, nítorí pé ìpè lè já nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ àti bóyá fóònù náà ń sọ̀rọ̀ síta. Tí kò bá dá wà, ẹ béèrè ohun tí bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá lè dáhùn, pàápàá ìbéèrè nípa lílù àti ìhàlẹ̀, kí ẹ sì jọ fi ọ̀rọ̀ kan ṣe àmì tí yóò sọ tó bá fẹ́ kí ẹ pa fóònù. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ṣé ẹ wà dáadáa?" nítorí pé "A dúpẹ́" ni ìdáhùn rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì parí sí. Bi í pé kí ló jẹ lánàá, wákàtí mélòó ló sùn, ta ló gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́yìn. Kí o sì béèrè nípa ikú tààrà: "Ǹjẹ́ ó ti wá sí yín lọ́kàn pé kí ẹ pa ara yín?" Bíbéèrè rẹ̀ kì í gbin èrò náà sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, béèrè bóyá ó ti ronú ọ̀nà tí yóò gbà ṣe é, àti bóyá ohun tí yóò fi ṣe é wà nítòsí. Ẹni tó ní ọ̀nà àti ohun èlò kò gbọ́dọ̀ dá wà ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ìtọ́jú wá ńkọ́? Ibi oorun ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Oorun wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún tí kò já ní ẹ̀ẹ̀kan lóru ṣàǹfààní ju kí a máa sùn díẹ̀díẹ̀ lọ. Kí ìyá fún ọmọ lọ́mú ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí ẹlòmíràn gba ọmọ, kí ìyá sì lọ sùn nínú yàrá mìíràn títí di aago méjì òru. Omi ọyàn tí a fún sínú ike mímọ́ lè wà fún wákàtí mẹ́rin níbi tí ooru rẹ̀ kò ju 25°C lọ, tàbí ọjọ́ mẹ́rin nínú fíríìjì. Tí ọyàn bá kún jù lóru, kó fún un díẹ̀ kó tó padà sùn. Lójú ọ̀sán, kó jáde sínú oòrùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe nípa ọmọ, kó sì gbọ́ ìròyìn àrùn ní ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ péré.

Fún ẹni tí tirẹ̀ ò le jù, ìtọ́jú onífọ̀rọ̀wérọ̀ ni a kọ́kọ́ ń lò, ó sì ṣeé ṣe láìsí dókítà púpọ̀. Ní ìgbèríko Pakistan, Atif Rahman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìlera láti ilé dé ilé bí wọ́n á ṣe máa bá aboyún àti ìyá ọmọ jíròrò, kí wọ́n lè mọ èrò tó ń ba ọkàn jẹ́, kí wọ́n sì fi èyí tó ṣàǹfààní rọ́pò rẹ̀. Ìjókòó mẹ́rìndínlógún ni, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù tó kẹ́yìn oyún. Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́fà, ìrẹ̀wẹ̀sì ṣì wà lára 23 nínú 100 àwọn tó gba ìtọ́jú náà. Lára àwọn tí kò gbà á, 53 nínú 100. Ọdún 2008 ni wọ́n tẹ èsì yẹn jáde, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fi ìlànà náà ṣe ìwé ìtọ́nisọ́nà ní ọdún 2015. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣì lè dé ẹnu ọ̀nà èèyàn nígbà tí ilé ìwòsàn bá kún fún aláìsàn.

Bó bá le, oògùn wọlé. Sertraline ni ọ̀pọ̀ dókítà ń kọ fún ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, nítorí pé díẹ̀ bíńtín ló ń dé inú omi ọyàn. Ó sábà máa ń jẹ́ mílígíráàmù 50 lójúmọ́. Àwọn kan ń fi 25 bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni ó ń gbà kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, nítorí náà ẹni tó bá lò ó fún ọjọ́ márùn-ún tó ní kò ṣiṣẹ́, kò tíì fún un láyè. Tí ara bá yá, ó kéré tán oṣù mẹ́fà ni wọ́n ṣì ń lò ó, dókítà ló sì ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá já a lójijì lè ní òòyì àti àìróorunsùn. Kí dókítà tó kọ ọ́, ó gbọ́dọ̀ béèrè bóyá obìnrin náà ti ní ìgbà kan rí tí inú rẹ̀ ń dùn kọjá ààlà, tí kì í sùn, tó ń ná owó kiri. Tí wọ́n bá lo oògùn yìí láìfi òmíràn kún un, ó lè tún ru irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sókè. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn mìíràn, zuranolone, tí wọ́n ń lò fún ọjọ́ 14 péré, ní alẹ́, pẹ̀lú oúnjẹ tó ní ọ̀rá. Ẹni tó bá lò ó kò gbọdọ̀ wakọ̀ fún wákàtí 12.

Kónílé-ó-gbélé tún mú ìṣòro kan wá níbí. Ó máa ń wu èèyàn láti fún ìyá ọmọ ní oògùn oṣù mẹ́ta kó má baà máa jáde. Fún ẹni tí kò ní èrò ikú, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní èrò ikú, oògùn ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹ fún un, kí ẹlòmíràn sì tọ́jú rẹ̀, kódà bí ó bá máa ni wá lára láti gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Bàbá ọmọ náà wà níbẹ̀. Nǹkan bí bàbá 10 nínú 100 ló ń ní ìrẹ̀wẹ̀sì, ó sì pọ̀ jù láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà. Tirẹ̀ lè má mú ẹkún wá. Ìbínú, ọtí àti sísá fún ilé ló sábà máa ń hàn. Ẹ bi òun náà léèrè.

Ní ti àwọn aṣòfin, ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹnì kan wà pẹ̀lú ẹni tó ń rọbí. Kí wọ́n ka nọ́ọ̀sì tó ń lọ wo ìyá ọmọ nílé mọ́ àwọn tí iṣẹ́ wọn kò gbọdọ̀ dúró. Kí wọ́n gba ilé tó ní ìkókó láàyè láti dara pọ̀ mọ́ ilé kan mìíràn láìsí pé wọ́n ń yẹra fún ara wọn. Ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni England tó fàyè gba èyí nígbà náà fún ilé tó ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ó yẹ kó ti wà láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Kí ìyá kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ọ̀sì kan tó mọ orúkọ rẹ̀, tí yóò máa pè é ní ọjọ́ karùn-ún, ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀sẹ̀ kẹfà, oṣù kẹta, oṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án. Tí kò bá gbé ìpè, kí nọ́ọ̀sì tún pè é lọ́jọ́ náà, kó sì pe nọ́ńbà kejì tó gbà. Tí kò bá ṣì rí i bá sọ̀rọ̀, kí ẹnì kan wọ ìbòmú lọ sílé náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí wọ́n bá ní ìyá ọmọ ń sùn, kó dúró dè é, tàbí kó dá wákàtí tí yóò padà wá, kó sì kọ wákàtí yẹn sínú ìwé kí nọ́ọ̀sì tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè rí i.